Àgékù Ohùn

Obìnrin aránṣọ kan wà tí kì í fi ẹsẹ̀ kan ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ láràárọ̀ títí ohùn ọkọ rẹ̀ yóò fi kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù. Ọkọ náà ti di ẹni ilẹ̀ láti bí ọdún méjì, ṣùgbọ́n ikú tó mú ara lọ kò rí ohùn kó. Iṣẹ́ ìwé kíkà ni ọkùnrin náà fi jẹun nígbà ayé rẹ̀. Yóò wọ yàrá kékeré kan ní ilé-iṣẹ́ tó ń gba ohùn sílẹ̀, yóò ka ìwé ìtàn sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àwọn tí iṣẹ́ kò jẹ́ kí wọ́n ráyè kàwé yóò sì rà á láti máa gbọ́ lórí fóònù wọn. Olóhùn-iyọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Bí ó bá kí ènìyàn pé ẹ káàárọ̀, onítọ̀hún a fẹ́ padà lọ sùn kí ó lè tún jí gba ìkíni mìíràn.

Ìtàn apẹja kan tí ìjì gbé ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ lọ ni ìwé tó kà kẹ́yìn. Ọjọ́ tí ìwé náà jáde, ìyàwó rẹ̀ rà á bí gbogbo ayé ṣe rà á. Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ bá mi wò ó! Ìyàwó oníbúrẹ́dì tó lọ tò sórí ìlà láti ra búrẹ́dì!"

"Ẹ jẹ́ kí n rà á," ni ìyàwó dá a lóhùn. "Ẹni tó bá ń jẹ ẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ kì í mọ adùn rẹ̀."

Lẹ́yìn tí ọkùnrin náà kú, ìwé yìí ló di alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe pé ó ṣì ń gbọ́ ìtàn náà. Ó ti mọ ọ́n sórí. Ohùn nìkan ló ń gbọ́, bí ẹni tó jókòó ti iná lọ́jọ́ òtútù tí kò bìkítà irú igi tó ń jó níbẹ̀. Ìyàwó Káfíńtà, tí àwọn méjèèjì jọ ń ránṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà, ló máa ń bá apẹja jà ní tirẹ̀. Bí wọ́n bá ti dé ibi tí apẹja ń múra àtilọ sójú òkun, a ju sísọ́ọ̀sì sílẹ̀, a dojú kọ fóònù: "Má lọ! Ọ̀gbẹ́ni yìí, ọjọ́ wo lo máa gbọ́ràn? Àná náà ni mo sọ fún ẹ!"

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, aránṣọ gbá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, ó kán epo sí ẹ̀rọ, ó tẹ fóònù. Apẹja kò sọ̀rọ̀. Ó tún un tẹ̀. Gbólóhùn kékeré kan ló yọ lójú fóònù pé ìwé náà kò sí lórí àtẹ mọ́. Àwòrán ìwé náà tó máa ń wà láàárín àwọn yòókù ti pòórá. Àyè rẹ̀ pàápàá ti dí, bí ìgbà tí eyín kan bá yọ tí àwọn tó kù sún mọ́ra.

"Bóyá dátà yín ló tán," ni Ìyàwó Káfíńtà wí.

"Dátà wà."

"Ẹ pa á, kí ẹ tún un tàn. Fóònù náà máa ń lágídí."

Ó pa á, ó tàn án. Ó gbé e sétí, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnì kan ṣì ń mí nínú rẹ̀. Ìyàwó Káfíńtà wò ó, ó sì padà sídìí ẹ̀rọ tirẹ̀. Kẹ̀kẹ̀kẹ̀ ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló kún ṣọ́ọ̀bù títí ọ̀sán fi pọ́n.

Ọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe ní òdìkejì títì ni wọ́n ń pè ní Kòsíwàhálà, nítorí ìdáhùn tó máa ń fún gbogbo oníbàárà nìyẹn, títí kan àwọn tí fóònù wọn kò ní jí mọ́ láéláé. Òun ni aránṣọ gbé ọ̀rọ̀ náà tọ̀ lọ.

"Kò sí wàhálà, Màmá," ló wí, kó tilẹ̀ tó gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. "Wọ́n ti yọ ọ́ ni. Ohunkóhun tí wọ́n bá yọ lórí àtẹ, mo mọ ibi tí wọ́n ń kó o pamọ́ sí."

"Ibo nìyẹn?"

"Ibi ọ̀fẹ́ ni, Màmá."

"Ọ̀fẹ́ àbí olè?"

"Ẹ̀yin náà ẹ wò ó! Ohùn ọkọ yín ni. Ta ló ń jí ohun tó ti wà nílé ẹ̀ tẹ́lẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ó sì tún ta á lára. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ ka ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, nǹkan kò tíì máa gba orí fóònù kọjá; inú àwo pẹlẹbẹ ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ sí, tí wọ́n ń tà á. Kò pẹ́ tí ayédèrú fi gba ìgboro. Lọ́jọ́ kan, ọkọ rẹ̀ ń kọjá lọ jẹ́jẹ́, ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó ń ké láti orí tábìlì ẹnì kan tó ń pàtẹ lẹ́bàá ọ̀nà. Ó dúró. Ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni, èmi ni mo ka èyí." Ọlọ́jà wò ó láti òkè dé ilẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ohùn yín jọ tiẹ̀ díẹ̀ o. Ṣùgbọ́n tiẹ̀ dùn ju tiyín lọ." Gbogbo ilé ló fi ìtàn yẹn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n odindi ọdún kan ni ilé-iṣẹ́ kò fi pè é wá ka ìwé mìíràn, nítorí ojúlówó tí wọ́n ṣe kò tà, ẹ̀rọ ìránṣọ ìyàwó ló sì bọ́ ilé lọ́dún náà. Láti ìgbà náà, ohun tí wọ́n jí dà kọ kì í wọ ilé wọn, ìbáà ṣe orin, ìbáà ṣe fíìmù.

Aránṣọ mọ gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n ebi ohùn ń pa á, ebi kì í sì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn ráyè wọ̀ ọ́.

"Jẹ́ kí n kàn gbọ́ ọ ná," ló wí.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Kòsíwàhálà wọlé wá pẹ̀lú káàdì kékeré kan, ó tì í bọ inú fóònù, ó tẹ̀ ẹ́. Orin burúkú kan ló kọ́kọ́ bú jáde, ọkùnrin kan sì ń pariwo lórí rẹ̀: "Ilé ọ̀fẹ́ rèé o! Kí lẹ tún ń sanwó fún? Ẹ sọ fún ọ̀rẹ́, ẹ sọ fún ojúlùmọ̀!" Lẹ́yìn náà ni ìwé bẹ̀rẹ̀. Ohùn tínínrín kan ni, ó ń sáré, ó ń dún ní imú bí ọmọ ewúrẹ́ tó ń wá ìyá rẹ̀.

"Ta nìyí?" ni aránṣọ bèèrè.

"Ọkọ yín ni, Màmá."

"Ọkọ mi wo?"

Kòsíwàhálà họ orí. "Wọ́n máa ń fa ohùn sókè ni, wọ́n á sì mú un yára díẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ ní ẹ̀rọ kan tó ń ṣọ́ ohun tí wọ́n bá dà kọ. Tí ohùn bá wà bó ṣe wà, ẹ̀rọ yẹn á dá a mọ̀, á sì yọ ọ́ dànù. Torí ẹ̀ ni wọ́n fi ń pa á láwọ̀ dà."

"Kí ẹ̀rọ má baà dá a mọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Èmi náà ò dá a mọ̀."

"Ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ kí n fà á wálẹ̀." Ó fi ìka fa nǹkan kan lójú fóònù. Ohùn náà wálẹ̀, ó ń wọ́, ó ń fà, títí tó fi dà bí ti ẹni tí wọ́n ń jí lójú oorun.

"Ẹ̀hẹ́n," ni Ìyàwó Káfíńtà wí. "Apẹja ti lọ mutí yó. Abájọ tí ọkọ̀ fi bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín, aránṣọ náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó yọ káàdì náà, ó sì fi lé Kòsíwàhálà lọ́wọ́.

"O ṣeun, ọmọ mi. O gbìyànjú. Èyí kì í ṣe olóògbé. Ẹnì kan ló jí aṣọ olóògbé wọ̀."

Lọ́jọ́ kejì, ó wọ ẹ̀wù tó rán fún ara rẹ̀, ohun tó ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn aránṣọ, ó sì lọ sí ilé-iṣẹ́ tí ọkọ rẹ̀ ti ṣiṣẹ́. Wọ́n ní kó lọ rí agbẹjọ́rò ilé-iṣẹ́ ní àjà kẹta. Obìnrin tí kò dàgbà ni, ojú rẹ̀ tutù, ìwé kún orí tábìlì rẹ̀ débi pé ìgò omi rẹ̀ kò rí ibi dúró sí. Kí aránṣọ tó jókòó, ó ti rí bọ́tìnnì jákẹ́ẹ̀tì obìnrin náà tó ń fi òwú kan ṣoṣo rọ̀.

"Ẹ bọ́ ọ, kí n bá yín kàn án. Etí mi kì í gbọ́ràn dáadáa tí ojú mi bá ń wo ohun tó fẹ́ já."

Agbẹjọ́rò rẹ́rìn-ín, ó bọ́ ọ fún un. Àpò aránṣọ kì í ṣaláìní abẹ́rẹ́. Bí ó ti ń kàn án ni ó ń sọ ohun tó gbé e wá.

"Màmá," ni agbẹjọ́rò wí nígbà tó gbọ́ ọ tán, "ẹni tó kọ ìwé yẹn ló ni ọ̀rọ̀ inú ẹ̀. Ńṣe ló yá wa fúngbà díẹ̀. Àdéhùn wa ti parí. Ó ti gbé e fún ilé-iṣẹ́ mìíràn, àwọn yẹn sì ti fi ẹlòmíràn kà á."

"Ẹlòmíràn." Abẹ́rẹ́ dúró. "Ṣé ó mọ̀ ọ́n kà?"

"Mi ò tíì gbọ́ ọ, Màmá."

"Kó ṣe pẹ̀lẹ́ níbi tí ìjì ti dé. Wọ́n máa ń fẹ́ sáré níbẹ̀." Abẹ́rẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. "Ṣùgbọ́n mo ra tèmi."

"Àyè láti máa gbọ́ ọ lẹ rà, kì í ṣe òun gan-an. Ó wà nínú ọ̀rọ̀ tí ẹ gbà nígbà tí ẹ kọ́kọ́ ṣí i."

"Mo kàn tẹ 'mo gbà' ni."

"Gbogbo wa la máa ń tẹ 'mo gbà', Màmá. Èmi tí mo kọ ọ́, mi ò kà á tán rí."

"Ohùn ńkọ́? Òǹkọ̀wé kọ́ ló ni ọ̀nà ọ̀fun ọkọ mi."

"Ohùn tó ka ìwé náà, a ti sanwó ẹ̀ fún ọkọ yín nígbà ayé wọn, ó ti di tiwa. Ṣùgbọ́n àwa náà ò lè gbé e fún ẹnikẹ́ni, torí ọ̀rọ̀ tó ń sọ kì í ṣe tiwa mọ́. Òǹkọ̀wé ò sì lè gbé e fún yín, torí ohùn kì í ṣe tiẹ̀."

"Aṣọ oníbàárà, òwú aránṣọ," ni aránṣọ wí jẹ́jẹ́. "Tí ẹ bá fa òwú yọ, aṣọ á tú."

"Bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Ó dùn mí láti sọ ọ́ fún yín."

Aránṣọ fi eyín já òwú. Ó na bọ́tìnnì wò bóyá ó dúró, ó sì dá jákẹ́ẹ̀tì padà. Ó yẹ kó dìde, ṣùgbọ́n kò dìde. Àṣà kan wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: bí ó bá rán aṣọ tán, a di àgékù rẹ̀ pọ̀, a bèèrè lọ́wọ́ oníbàárà bóyá ó fẹ́ ẹ. Mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ni kì í fẹ́ ẹ. Àgékù wọ̀nyẹn ló fi ń lẹ ihò, òun ló sì fi rán gbogbo tìmùtìmù ilé rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn kan sí i," ló wí. "Ọkọ mi a máa wálé sọ fún mi pé ojú ewé kan ló gba àwọn láti àárọ̀ dé ọ̀sán. Wọ́n á ṣì í kà, wọ́n á húkọ́, wọ́n á bá ẹni tó ń gba ohùn sílẹ̀ ṣàwàdà. Gbogbo ìyẹn ò sí nínú ìwé tí mo rà. Ibo ló lọ?"

Agbẹjọ́rò ronú díẹ̀. "Iṣẹ́ tó parí nìkan ló wà nínú àdéhùn. Ikọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òǹkọ̀wé, àwa náà ò sì fi ṣe nǹkan kan. Pípa ni wọ́n ń pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ̀kalẹ̀ lọ bèèrè."

Nísàlẹ̀ ilé náà ni yàrá agbohùnsílẹ̀ wà. Kò ní fèrèsé, wọ́n sì fi fóòmù bo ògiri rẹ̀ yíká, débi pé ọ̀rọ̀ tó bá jáde lẹ́nu ènìyàn á bọ́ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ bí òkúta tí wọ́n jù sórí bẹ́ẹ̀dì. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ ti ń hu ewú. Olóhùn-iyọ̀ fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Elétí-ehoro, nítorí pé ó lè gbọ́ eṣinṣin tó ń fọ ọwọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bí ó ti rí aránṣọ, ó dìde, ó bọ́ ẹ̀rọ etí rẹ̀ kúrò lórí.

"Ìyàwó ọ̀gá mi! Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."

Nígbà tí agbẹjọ́rò bi í léèrè ọ̀rọ̀ àgékù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í to àwọn wáyà tó ti tò dáadáa tẹ́lẹ̀.

"Ta ló ní mo tọ́jú wọn?"

"Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ̀hẹ́n. Mo tọ́jú wọn." Ó gbójú sókè. "Ẹ má bínú sí mi. Ìdákẹ́jẹ́ ni mò ń wá nínú wọn. Yàrá kọ̀ọ̀kan ló ní ìdákẹ́jẹ́ tiẹ̀, ti ọjọ́ òjò yàtọ̀ sí ti ọjọ́ oòrùn. Tí mo bá yọ ikọ́ kan, mo gbọ́dọ̀ rí ìdákẹ́jẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà lẹ̀ mọ́ ojú ihò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ etí á kọsẹ̀ níbẹ̀. Torí náà mi ò kì í da nǹkan nù títí iṣẹ́ á fi parí. Ti ọ̀gá, nígbà tó parí, mo ní kí n pa á rẹ́. Ọwọ́ mi kọ̀."

Ó tẹ nǹkan kan. Láti inú ẹ̀rọ ńlá méjì tó wà lápá ọ̀tún àti òsì, ẹnì kan fa èémí. Àga dún. Ẹni náà húkọ́, ó sì wí pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n tún un mú. Ahọ́n mi ń bá mi ṣọ̀tá lónìí."

Kò yára, kò wọ́. Ohùn náà nìyẹn, tòun ti iyọ̀ rẹ̀. Aránṣọ di etí tábìlì mú. Agbẹjọ́rò ń wo òrùlé, bí ẹni tí wọ́n ní kó ka iye fóòmù tó wà níbẹ̀.

Agbẹjọ́rò pe ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù, wọ́n sọ ọ́ lọ, wọ́n sọ ọ́ bọ̀. Níkẹyìn, ó ní ilé-iṣẹ́ gbà. Gbólóhùn kan ṣoṣo láti inú ìwé kò gbọdọ̀ bá a jáde, ṣùgbọ́n gbogbo ìyókù di ti ìyàwó olóògbé, kí ó ṣe é bó bá ṣe wù ú.

Elétí-ehoro gbé ẹ̀rọ etí rẹ̀ wọ̀. "Láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, mo ń yọ ènìyàn kúrò nínú ìwé. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí wọ́n á ní kí n yọ ìwé kúrò lára ènìyàn."

"Ẹ rọra yọ ọ́," ni aránṣọ wí.

"Ẹ fi ọkàn balẹ̀, ìyàwó ọ̀gá. Màá fẹ̀sọ̀ gé e."

Kò fi rán ẹnikẹ́ni nígbà tó ṣe é tán. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó mu tíì, ó sì dúró wo Kòsíwàhálà bí ó ti ń kó o sínú fóònù, bí ẹni tó ń fi ẹyin sọ́wọ́ ọmọdé. Nígbà tí Elétí-ehoro lọ tán, aránṣọ jókòó sídìí ẹ̀rọ. Kọ́là ẹ̀wù kan wà níwájú rẹ̀. Ó tẹ fóònù, ó sì fi ẹsẹ̀ kan ẹ̀rọ.

Ọkọ rẹ̀ ń kùn orin kan tí kò mọ̀ dáadáa. Ó ṣí ojú ewé, ó ya, ó sì bẹ ojú ewé náà pé kó má bínú. Ó bá ọ̀rọ̀ kan jà lẹ́ẹ̀mẹrin, ó pè é ní aláìgbọràn. Lẹ́yìn náà ni nǹkan kan kùn jinlẹ̀jinlẹ̀, bí mọ́tò ńlá tó wà lókèèrè.

"Kí ló tún dé, Elétí-ehoro?"

"Ikùn yín ni, ọ̀gá. Ó ti wọnú ìtàn."

"Á à! Ìyàwó mi ní kí n jẹun kí n tó jáde nílé, mo ní mo yó. Má sọ fún un o."

"Mo ti gbọ́!" ni aránṣọ kígbe mọ́ fóònù. "Mo ti gbọ́! Ṣé ẹ rí i? Mo sọ fún un!"

Ìyàwó Káfíńtà ti dojú bolẹ̀ lórí ẹ̀rọ tirẹ̀, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n fún ẹ̀rín. Kòsíwàhálà nu ojú.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n da ẹyọ kan kọ. Tí àwọn ènìyàn bá gbọ́ èyí, wọ́n á..."

"Lọ́wọ́ ta lo ti gbàyè?"

"Ẹ̀yin náà ni mò ń bèèrè lọ́wọ́ yín yìí."

"O káre. Bó ṣe yẹ kí wọ́n máa bèèrè nìyẹn. Rárá."

"Háà, Màmá!"

"Ẹni tó ni ín ló ní rárá," ni Ìyàwó Káfíńtà bá a dá sí i. "Fa àga jókòó, kí o gbọ́ tìrẹ, ọ̀gbẹ́ni Kò-sí-wàhálà."

Ó fa àga, ó jókòó. Ìgbà náà ni aránṣọ wo ọwọ́ rẹ̀, tó rí i pé ẹ̀rín ti gbé abẹ́rẹ́ kúrò lójú ọ̀nà, tí ojú òwú lára kọ́là náà ti wọ́ bí ipa ìgbín. Kò bínú. Ó mú abẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u ní ojú kọ̀ọ̀kan.

Lórí fóònù, ọkọ rẹ̀ mu omi. Ó gbé ife kalẹ̀, ó tún ọ̀nà ọ̀fun ṣe. "Ó yá o, mo ti ṣetán," ló wí. Ibẹ̀ ni Elétí-ehoro ti gé ìwé kúrò, nítorí náà kíá ló tún wí pé, "Ẹ jọ̀ọ́, mo ṣì í. Ẹ jẹ́ kí n tún bẹ̀rẹ̀." Ó tún mu omi. "Ó yá o, mo ti ṣetán. Ẹ jọ̀ọ́, mo ṣì í."

"Ṣé bàbá yìí ò ní bẹ̀rẹ̀ ni?" ni Ìyàwó Káfíńtà bèèrè.

"Kí ló ń lé wọn?" ni aránṣọ wí, ó sì fa òwú kan yọ. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n fara balẹ̀."